Bí o ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìdíje snúkà àgbáyé àwọn tí kò tíì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́

Ká ní o ti ń gbá snúkà bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Níbi tí o ti ń ṣe ìdánrawò, o ti kó àmì tó lé ní 100 jọ ní ìdúró kan ṣoṣo láìmọye ìgbà. O wọ ọkọ̀ òfurufú, o dé ìlú tí o kò dé rí, wọ́n pe orúkọ rẹ, o bá tábìlì tí o kò mọ̀ rí. Alátakò rẹ jẹ férémù àkọ́kọ́, ìyẹn ẹyọ kan nínú àwọn abala tó para pọ̀ di eré. Ó jẹ ìkejì. Kí ọwọ́ rẹ tó rọ̀, ó ti jẹ ìkẹta, eré sì ti tán. Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, o di ọ̀pá rẹ padà sínú àpò.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ lọ sí ìdíje snúkà àgbáyé ti àjọ IBSF nìyẹn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá. Eré ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kúrú, tábìlì ṣàjèjì, ìjókòó-dúró-de-ìpè sì gùn. Ohun mẹ́ta yìí ló ń lé ọ̀ta padà sílé, òun ni mo sì fẹ́ kí a fi ojú sí. Bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, mo gbà pé o ti mọ ìyẹn kí o tó máa ka èyí.

Kọ́kọ́ mọ irú ìdíje tí o ń lọ

IBSF ni àjọ àgbáyé tó ń bójú tó bílíádì àti snúkà fún àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ìdíje wọn yàtọ̀ sí èyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń gbá ní gbọ̀ngàn Crucible ní Sheffield láti 1977. Ìlú Calcutta ní Íńdíà ni wọ́n ti gbá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1963, Gary Owen láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, òun náà ló sì tún gbà á ní Karachi ní 1966. Láti ìgbà náà, orúkọ tó gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré: Jimmy White ní 1980, James Wattana ní 1988, Ken Doherty ní 1989, Stuart Bingham ní 1996, Marco Fu ní Bulawayo ní 1997, Stephen Maguire ní 2000, Mark Allen ní 2004. Doherty padà wá gba ife-ẹ̀yẹ Crucible ní 1997, Bingham gba tirẹ̀ ní 2015.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí o mú dání lọ ni ti 2013 ní Daugavpils, ní ilẹ̀ Látífíà. Ọmọ Ṣáínà méjì ló pàdé ní àṣekágbá, Zhou Yuelong na Zhao Xintong. Ní 2025, Zhao tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà ló gba ife-ẹ̀yẹ Crucible, lákòókò tí kò sí lórí ìwé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ní 2014, ọdún tó tẹ̀ lé ti Daugavpils, Yan Bingtao gba ife IBSF ní Bangalore nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Nítorí náà, bí wọ́n bá pín ọ mọ́ ọmọdé kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n, má fi ojú ọmọ wò ó. Ó ṣeé ṣe kí òun ni ọ̀ta, kí ìwọ sì jẹ́ òpè lọ́jọ́ náà.

Àgbà náà sì wà níbẹ̀. Pankaj Advani láti Íńdíà gbà á ní 2003, ó tún gbà á ní 2015 àti 2017. Muhammad Asif láti Pàkísítánì gbà á ní 2012, ó tún padà wá gbà á ní 2019. Irú àwọn èèyàn báyìí mọ ìdíje náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. IBSF tún ní ìdíje àwọn obìnrin, níbi tí Wendy Jans láti Bẹ́ljíọ̀mù ti gba ife lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní ti àwọn ọ̀dọ́, ti àwọn àgbà, ti ẹgbẹ́, àti ti bọ́ọ̀lù pupa mẹ́fà. Rí i dájú pé èyí tí o ń forúkọ sílẹ̀ fún ni èyí tó tọ́ sí ọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: orílẹ̀-èdè rẹ ló ń rán ọ lọ

O kò lè fi orúkọ ara rẹ ránṣẹ́ sí IBSF. Àjọ snúkà orílẹ̀-èdè rẹ ló ń ṣe é, àyè tí wọ́n sì ń fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan níye. Ìdíje rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn, ó sì lè tó ọdún kan ṣáájú kí o tó rìnrìn àjò.

Kọ̀wé sí àjọ náà, kí o béèrè báwọn ṣe ń yan òṣèré: ṣé ẹni tó gba ìdíje orílẹ̀-èdè ni, àbí àwọn tó wà lókè lórí àtẹ ipò? Ìdíje wo ló ń ka àmì sórí àtẹ náà, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń tì í? Béèrè ẹni tó ń san owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura. Àjọ mìíràn máa ń san gbogbo rẹ̀, òmíràn á san díẹ̀, òmíràn á kàn bá ọ fi orúkọ ránṣẹ́ ni. Gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ti da àárín òṣèré àti àjọ rú níbi púpọ̀.

Bí o bá ti wà lórí World Snooker Tour rí, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tí káàdì tó fún ọ láyè níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, béèrè kí o tó ná kọ́bọ̀ bóyá o ti lẹ́tọ̀ọ́ láti padà sí àárín àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ máa parí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Fún físà, ìwé ìpè láti ọwọ́ àwọn tó ń gbàlejò ìdíje ni yóò ṣiṣẹ́ fún ọ, orúkọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìrìnnà mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ọjọ́ tí ìwé ìpè bá dé ni kí o lọ béèrè físà, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: tú àpò oògùn rẹ wò

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ó lè ba orúkọ jẹ́ ju gbogbo ohun tó kù lọ. Nínú snúkà àti bílíádì, òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn akúnilókun nínú eré ìdárayá, ka oògùn tí wọ́n ń pè ní beta-blocker léèwọ̀ lásìkò ìdíje. Propranolol, atenolol àti bisoprolol wà lára wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: wọ́n máa ń dín ìlù ọkàn kù, ọwọ́ kò sì ní gbọ̀n mọ́. Nínú eré tí ìka kan tó gbọ̀n lè gbé bọ́ọ̀lù kúrò ní ihò, àǹfààní ńlá nìyẹn. Àmọ́ oògùn yìí kan náà ni dókítà máa ń kọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ọkàn tó ń sáré sódì, àti fún ẹ̀fọ́rí túúlu. Igbó náà wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ lásìkò ìdíje.

Bí o bá ń lo oògùn kankan, gbé orúkọ rẹ̀ lọ bá dókítà, kí ẹ jọ wò ó lójú ìwé tí WADA ń tún ṣe lọ́dọọdún, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Bí kò bá sí oògùn mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀, ìwé àṣẹ wà tí wọ́n lè fún ọ nítorí àìsàn, àmọ́ ó ń gba àkókò kó tó jáde. Má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ nítorí ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀mí ló ni ọ̀pá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀pá, awọ orí rẹ̀, àti aṣọ

Òfin kò béèrè ju kí ọ̀pá gùn tó milimítà 914. Èyí tí ọ̀pọ̀ òṣèré ń lò ń lọ bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 147. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí o má pààrọ̀ nǹkankan nígbà tí ìdíje bá ti sún mọ́lé. Awọ orí ọ̀pá tuntun máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jókòó, kó tó le bó ṣe yẹ, kó tó yípo bí ọwọ́ rẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ awọ tuntun mọ́ ọn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí o sì mú òmíràn dání tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti sáńpépà. Mú ṣọ́ọ̀kì tìrẹ. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ń yọ́ sórí bọ́ọ̀lù lè mú kí bọ́ọ̀lù fò díẹ̀ nígbà tó bá kan èkejì, ibi tí o fojú sí yóò sì yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í jẹ́ kí ọ̀pá snúkà wọ ibi tí èrò jókòó sí, nítorí náà, àpò líle tó ń tì ni kí o rà, èyí tó lè gba ìjù-sọ́tùn-ún-jù-sósì àwọn agbẹ́rù. Fi aṣọ rọ ìdí àti orí ọ̀pá nínú rẹ̀. Aṣọ eré ni ṣẹ́ẹ̀tì, wésíkóòtì, ṣòkòtò dúdú, táì labalábá àti bàtà aláwọ dúdú, ṣùgbọ́n ka ìwé ìtọ́ni ìdíje ọdún tìrẹ, nítorí wọ́n máa ń yí i. Ohun tó máa ń dun èèyàn jù ni bàtà tuntun. Wọ̀ ọ́ nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọjọ́ eré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdánrawò fún eré kúkúrú

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ìdánrawò fún snúkà. Ohun tí ìwọ nílò ni ìdánrawò fún férémù mẹ́ta. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nígbà tí o bá ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan fún wákàtí mẹ́rin, ọwọ́ rẹ máa ń gbóná ní bí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni o ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó àmì jọ. Inú rẹ á dùn, o óò lọ sílé. Àmọ́ nínú ìdíje, ní ogójì ìṣẹ́jú, o ti lè wà ní ẹ̀yìn pẹ̀lú férémù méjì sódo. Ohun tí o gbọ́dọ̀ kọ́ ni bí o ṣe lè dára ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́.

Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ṣe báyìí: dé ibi ìdánrawò, jókòó fún wákàtí kan láìfọwọ́ kan ọ̀pá, wọ wésíkóòtì àti bàtà rẹ, kí o wá dìde gbá eré ẹni-kọ́kọ́-jẹ-mẹ́ta pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wà. Má gbá bọ́ọ̀lù ìmúra ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé, bó ti wù kó burú tó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, o óò rí i pé ìdúró àkọ́kọ́ rẹ ní tábìlì ló máa ń bàjẹ́ jù. Ìwé yẹn á sọ òótọ́ tí ìyókù ìdánrawò rẹ kò ní sọ fún ọ.

Ohun kejì ni pupa mẹ́fà. Fi bọ́ọ̀lù pupa mẹ́fà péré sórí tábìlì, kí wọ́n fọ́n ká, fi àwọn aláwọ̀ sí ojú ibi wọn, kí o sì gbà pé alátakò fi àmì 20 ṣáájú rẹ. Àmì 75 ló kù lórí tábìlì. Gbá a pẹ̀lú ẹnì kan títí tí ẹnì kan yóò fi borí. Ibi tí férémù ti ń já sọ́nà nínú ìdíje nìyí, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ níbi tí pupa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì wà ní ìdìpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni gbígbá ààbò, ìyẹn gbígbá tí a kò fi wá ihò bí kò ṣe láti mú kí nǹkan nira fún alátakò. Gbé funfun sí itòsí bọ́ọ̀lù dúdú, gbá pupa kan tín-ín-rín, kí funfun padà wá sí ẹ̀yìn ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dúró sí ibi tí kò jìnnà sí kúṣìnì ìsàlẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kà á. Ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń rí meje nínú mẹ́wàá lórí tábìlì tó mọ̀, tí ó sì ń rí márùn-ún lórí èyí tí kò mọ̀, ẹni yẹn ti ṣetán. Ní tèmi o, ìdánrawò kan yìí ju ọgọ́rùn-ún ìgbà tí a ń to bọ́ọ̀lù sójú ìlà kan tí a ń gbá a wọlé lọ, àmọ́ kì í dùn, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un.

Ìkẹrin ni pé kí o máa pààrọ̀ tábìlì. Bí gbogbo tábìlì tí o ń gbá bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ìwọ àti tábìlì yẹn lẹ jọ ń gbá, kì í ṣe snúkà. Wá èyí tí aṣọ rẹ̀ ti gbó tí bọ́ọ̀lù ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni wà nínú ẹrẹ̀, wá èyí tí ihò rẹ̀ há, wá èyí tí kúṣìnì rẹ̀ ń ta bọ́ọ̀lù padà bíi rọ́bà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò àti òfin tó ń jẹ férémù

O gbọ́dọ̀ mọ iye àmì tó kù lórí tábìlì láìronú. Ìṣirò rẹ̀ ni pupa tó kù lọ́nà mẹ́jọ, kí o fi 27 kún un. Pupa méjì: 43. Pupa kan: 35. Bí pupa bá ti tán: 27. Lẹ́yìn yẹ́lò 25, lẹ́yìn àwọ̀ ewé 22, lẹ́yìn búráùn 18, lẹ́yìn búlúù 13, dúdú nìkan 7. Bí alátakò bá ti fi ju èyí tó kù ṣáájú rẹ, àfi kí o sé ọ̀nà mọ́ ọn kó ṣe fáwùlù. Fáwùlù kì í dín ní àmì 4, ó sì lè tó 7.

Òfin mísì ló ń ya àwọn àlejò lẹ́nu jù. Ní ibi ìdánrawò, ọ̀pọ̀ wa kì í gbá a bó ṣe wà nínú ìwé. Nínú ìdíje, bí o kò bá kan bọ́ọ̀lù tó yẹ kí o kàn, tí rẹfirí sì gbà pé o kò sapá tó, á pe fáwùlù àti mísì, alátakò lè ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà sí ibi tó wà, kí o tún un gbá. Tún un gbá, tún un gbá, àmì mẹ́rin mẹ́rin, férémù ti lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé, bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu tí o lè gbá bọ́ọ̀lù náà ní kíkún, tí o sì kùnà ní ẹ̀ẹ̀mejì, rẹfirí á kìlọ̀ fún ọ. Bí o bá kùnà ní ẹ̀ẹ̀kẹta, férémù bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Nítorí náà, lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, gbàgbé ọgbọ́n. Gbá a ní kíkún kí o sì gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ náà ní páńpẹ́ tirẹ̀. Bí alátakò bá ṣe fáwùlù, tí o kò sì lè rí bọ́ọ̀lù tó yẹ kí o gbá tán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, o lè yan bọ́ọ̀lù mìíràn dípò rẹ̀. Ó dára. Àmọ́ o kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù tí o yàn yẹn gan-an sé ọ̀nà mọ́ alátakò, àyàfi bó bá ku píǹkì àti dúdú nìkan lórí tábìlì. Mo ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín padà síbi ìjókòó wọn, kí wọ́n tó gbọ́ rẹfirí tó ń pe fáwùlù lẹ́yìn wọn.

Bí aṣọ rẹ bá sì kan bọ́ọ̀lù tí rẹfirí kò rí, sọ ọ́. Nínú snúkà, ẹni tó ṣe fáwùlù ló ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn á ti gbọ́ kó tó di àṣálẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tábìlì àjèjì

Àlejò lójú, kò fi ríran. Tábìlì gbogbo dọ́gba nínú ìwé: milimítà 3,569 ní gígùn, 1,778 ní ìbú, ìlà ìbẹ̀rẹ̀ jìnnà sí kúṣìnì ìsàlẹ̀ ní 737, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ 52.5 ní ìbú. Àmọ́ ìwé kì í sọ bí aṣọ ṣe tutù, bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń fẹ́ sí i, tàbí iye ọjọ́ tí wọ́n ti gbá lórí rẹ̀. Bí aṣọ bá tuntun, funfun máa ń yọ̀ jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fífà sẹ́yìn á sì rọrùn ju bó ṣe mọ́ ọ lára lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ní omi, aṣọ á wúwo, gbogbo nǹkan á sì kúrú.

Wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí tábìlì ìdánrawò, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú mélòó kan lórí tábìlì eré gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ṣe ni pé kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọlé. Ó ń dùn lójú, kò kọ́ wọn ní nǹkankan. Tẹ̀ lé ètò yìí dípò rẹ̀.

Kọ́kọ́ wọn ìyára. Láti ojú ibi búráùn, gbá funfun lọ kan kúṣìnì òkè kó padà wá sí kúṣìnì ìsàlẹ̀. Tún un ṣe títí tí yóò fi kú sí ẹ̀bá kúṣìnì. Agbára tí ọwọ́ rẹ lò nígbà náà ni òṣùwọ̀n rẹ fún gbogbo ìyókù ọjọ́.

Lẹ́yìn náà, yí bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, ní ìbú tábìlì, ní ibi mẹ́ta: nítòsí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín, nítòsí dúdú. Irun aṣọ snúkà dorí kọ apá bọ́ọ̀lù dúdú, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó ń lọ jẹ́jẹ́ máa ń fẹ́ yẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Bó bá yẹ̀ sí ibòmíràn, tábìlì kò dúró gún, o sì ti mọ ohun tí alátakò rẹ lè máà mọ̀. Rántí pẹ̀lú pé bí o bá gbá ẹ̀gbẹ́ funfun dípò àárín rẹ̀ kó lè máa pòyì, tí o sì gbá a jẹ́jẹ́ lọ sí apá ìlà ìbẹ̀rẹ̀, tó lòdì sí irun aṣọ, kò ní yẹ̀ bó ṣe ń yẹ̀ nígbà tó bá ń bá irun lọ. Ọ̀nà tó láàbò ni pé kí o má fi ẹ̀gbẹ́ sí i rárá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì tí o kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, gbá funfun mọ́ kúṣìnì ẹ̀gbẹ́ láìfi ẹ̀gbẹ́ sí i, kí o wo ibi tó gbà padà. Gbá bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá kúṣìnì lọ sínú ihò igun, lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan kíkan, kí o mọ̀ bóyá ihò náà ń gbà àbí ó ń ta á dànù. Bí àyè bá ṣì wà, gbá ìbẹ̀rẹ̀ férémù lẹ́ẹ̀mejì. Nínú eré kúkúrú, ìbẹ̀rẹ̀ tí funfun rẹ̀ dúró láàárín tábìlì lè jẹ́ férémù kan gbáko. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí o wá gbá dúdú rẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpele ìsọ̀rí

Wọ́n máa ń pín àwọn òṣèré sí ìsọ̀rí, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ìsọ̀rí kan bá ara wọn gbá, kí àwọn tó ṣíwájú sì kọjá sí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Wo ìwé òfin ọdún tìrẹ, kí o mọ iye ẹni tó ń kọjá àti ohun tí wọ́n fi ń ya àwọn tí ipò wọn bá dọ́gba. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàtọ̀ láàárín férémù tí o jẹ àti èyí tí o pàdánù wà lára rẹ̀. Wo bó ṣe lè rí.

Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́rin, ẹni méjì ló ń kọjá. O na ẹni kan 3–2, o na ìkejì 3–2, ìkẹta na ọ́ 3–0. Eré méjì ni o jẹ, inú rẹ dùn. Àmọ́ ẹni kejì tí o nà yẹn na ìkẹta 3–1, ó sì na àkọ́kọ́ 3–0. Ìkẹta náà na àkọ́kọ́ 3–1. Ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ jẹ eré méjì méjì. Ẹni kejì ní àlékún férémù 4, ìkẹta ní 3, ìwọ ní àìtó kan. Ìwọ ló ń lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o na ẹni tó gba ipò kìíní.

Ohun tó yẹ kí o fi sọ́kàn nígbà tí o bá wà ní ẹ̀yìn 0–2 nìyẹn. Ó rọrùn láti sọ pé “eré ti bọ́, kí n tọ́jú agbára fún ọ̀la.” Má sọ bẹ́ẹ̀. Férémù kan tí o bá jà gbà nínú eré tí o pàdánù lè di ẹ̀mí rẹ lọ́jọ́ kẹta. Bákan náà, nígbà tí o bá ń ṣáájú 2–0, má bẹ̀rẹ̀ sí í dánrawò. Parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí a ṣe ń dúró

Wọ́n lè kọ agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí orúkọ rẹ, kí eré tó ṣáájú rẹ falẹ̀ di ọ̀sán. Nígbà mìíràn o óò gbá eré kan lówùúrọ̀, òmíràn lálẹ́, pẹ̀lú wákàtí méje láàárín wọn. Ẹni tó bá lo wákàtí méje náà ní gbọ̀ngàn, tó ń wo gbogbo bọ́ọ̀lù, tó ń ka ẹni tó na ẹni, ojú rẹ̀ á ti rẹ̀ kó tó di pé wọ́n pè é. Wo alátakò rẹ tó kàn fún férémù kan tàbí méjì, kí o wo bó ṣe ń gbá ààbò àti bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn, kí o sì jáde lọ.

Jẹ oúnjẹ tí inú rẹ mọ̀, kí wákàtí méjì tó pé sí eré. Mú omi dání. Bí aago ìlú náà bá yàtọ̀ sí tìrẹ púpọ̀, dé ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú bí owó bá gbà á. Bí kò bá gbà á, bẹ̀rẹ̀ sí í yí àkókò oorun rẹ padà nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kòmẹsẹ̀-ó-yọ

Eré á máa gùn bí o ṣe ń lọ sókè. Ní àṣekágbá 2012 ní Sofia, Asif na Gary Wilson 10–8. Ní ti 2019 ní Antalya, ó na Jefrey Roda láti Philippines 8–5. Ìyẹn kì í ṣe eré ẹni-kọ́kọ́-jẹ-mẹ́ta mọ́. Ẹni tó ti ń sáré láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní láti mọ bí a ṣe ń rìn. Nínú eré gígùn, o lè gbà kí férémù kan lọ láìjẹ́ kó ba ìkejì jẹ́, o sì láyè láti kọ́ ohun tí alátakò kò fẹ́. Bí ó bá ń sá fún igi tí a ń gbé ọ̀pá lé, máa gbé funfun síbi tí kò ti ní lè ṣe é láìlò ó.

Fún férémù àjámọ́ni, ìmọ̀ràn kan péré ni mo ní. Má yí ìyára rẹ padà. Ẹni tó máa ń yára gbá kó yára, ẹni tó máa ń ronú kó ronú. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tó rọrùn ló ti dúró lẹ́nu ihò nítorí pé ẹni tó fẹ́ gbá a tún un wò lẹ́ẹ̀mẹrin, níbi tó ti máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn tí eré bá tán

Bí o bá gba ife, lọ́pọ̀ ọdún, ẹ̀bùn tó tẹ̀ lé e ni káàdì ọdún méjì lórí World Snooker Tour. Ronú kí o tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ìdíje ibẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà, físà, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ. Advani gba ọ̀nà náà láti 2012 sí 2014, ó padà sí àárín àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì tún gba ife yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí o kò bá gba ife, tí o sì fẹ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, Q School, ìdíje tí wọ́n fi ń wá àyè lórí World Snooker Tour, ni ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Bí o bá fìdí rẹmi ní ìsọ̀rí, má sùn kí o tó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: bí tábìlì ṣe rí, férémù tí o pàdánù nígbà tí o ṣì ń ṣáájú, àti iye ìṣẹ́jú tó kọjá kí ọwọ́ rẹ tó rọ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Fi èsì eré rẹ ránṣẹ́ sí àjọ orílẹ̀-èdè rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí o sì bá wọn béèrè ọjọ́ tí ìyàn ọdún tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀.